Bọ́ọ̀lù Tó Ń Gba Ọwọ́ Òsì Wá

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta

A tún fìdí rẹmi. Mẹ́tàdínlógún sí mọ́kàndínlógún. Àbúrò mi ni wọ́n gbé ìgbá ìkẹyìn fún, iwájú òpó gan-an, ibi tí ìyá arúgbó lè ti gbá a wọlé bó bá ká yẹ̀rì rẹ̀ sókè. Bọ́ọ̀lù náà yà bàrá sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé.

Kí n tó ká aṣọ kúrò lórí okùn tán, àwọn ará bẹ́ǹṣì ti dé. Ọdún kẹsàn-án rèé tí wọ́n ti ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ mi lẹ́yìn ìdíje, torí pé iwájú mi ni ọ̀nà pápá gbà, bẹ́ǹṣì mi sì gùn. Tí rọ́gíbì bá ti parí lórí pápá, níbí ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Alápatà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀ jàre! Àwọn géńdé tó wà níwájú kò gba bọ́ọ̀lù gidi fún un. Ẹ fún èèyàn ní ọ̀bẹ tó ti kú lẹ́nu, ẹ wá ń bínú pé ẹran ò gé."

Bàbá Aláago mi orí. Àgbàlagbà ni, aago ọwọ́ ló ń tún ṣe ní ìsàlẹ̀ òpópónà, kì í pariwo. "Nọ́ńbà mẹ́wàá ni ọmọ yẹn, iṣẹ́ yẹn kì í sì í ṣe iṣẹ́ agbára. Bí wọ́n bá ti yọ bọ́ọ̀lù lábẹ́ àwọn tó ń ti ara wọn, ọwọ́ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ bọ́ sí. Kí ojú tó ṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ ti mọ̀ bóyá yóò gbá a síwájú, bóyá yóò jù ú fún ẹlòmíì, bóyá yóò gbé e sá. Òun ni awakọ̀. Awakọ̀ tó bá ń bẹ̀rù ọ̀nà, ẹ ní kó bọ́ sílẹ̀."

"Ta ló ń bẹ̀rù?" Alápatà ló bi í.

"Òun ni. Bọ́ọ̀lù ò tíì dé, ó ti ń fà sẹ́yìn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀." Ó gbá ìwé kékeré tó máa ń wà lápò rẹ̀.

Mo ti fèrèsé gbàgà, kí wọ́n lè gbọ́. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni ọmọ yẹn nígbà tí ìyá wa kú. Ẹ̀yìn mi ló gbé dàgbà. Ẹni tó bá pè é ní ojo, èmi ló pè.

Àìkú, ọjọ́ kejì

Òjò. Aṣọ ò gbẹ. Àbúrò mi ní orí ń fọ́ òun, mo ní kó lọ sùn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Wọn ò ní ìgbáradì lónìí, ló bá ní òun á bá mi lọ aṣọ. Ó gbé áyọ́ọ̀nù lé ọwọ́ òsì ṣẹ́ẹ̀tì Lọ́yà, oníbàárà mi kan, ó jó o dúdú. Ó ní òun ò rí i pé ọwọ́ aṣọ náà ti ṣẹ́ po.

Mo ní, "Ojú rẹ dà? Àbí ẹ̀yìn orí lojú tìẹ wà?"

Ó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. Ó lọ jókòó sẹ́yìn ilé.

Lọ́yà dé ní ìrọ̀lẹ́. Mo ti múra ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, ó kàn bú sẹ́rìn-ín. Ó ní abẹ́ ẹ̀wù dúdú ló máa wà, adájọ́ kì í tú lọ́yà wò. Ọlọ́run bùn un lọ́gbọ́n.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ìdíje òde. Orí rédíò la ti gbọ́ ọ, àwọn ará bẹ́ǹṣì pé jọ, mo sún àpótí rédíò sójú fèrèsé. Kò pẹ́ tí wọ́n ti ìsinmi dé ni kóòṣì yọ àbúrò mi, ó fi ọ̀dọ́kùnrin tuntun rọ́pò rẹ̀. A borí, mẹ́rìnlélógún sí ogún. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló wà lábẹ́ wa báyìí, méjì ló máa já sí ìpele ìsàlẹ̀ tí sáà bá parí. Inú mi ìbá dùn.

Bàbá Aláago ní, "Ẹ rí i bí ọkọ̀ ṣe ń lọ geerege tí wọ́n bá pààrọ̀ awakọ̀?"

Mi ò mọ ìgbà tí mo gbé abọ́ omi sítáàṣì. Mo dà á sílẹ̀ níwájú bàtà rẹ̀. "Bàbá, ẹ tó bí mi, ìyẹn ni mi ò ṣe ní sọ gbogbo ohun tó wà nínú mi. Ṣùgbọ́n orí bẹ́ǹṣì mi kọ́ lẹ máa jókòó sí bú ọmọ mi. Ẹ dìde."

Ó dìde. Ó fi áńkáṣíìfù nu bàtà rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. "Ẹ má bínú, Ìyá Alágbàfọ̀." Ó ń lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀.

Alápatà, tó jẹ́ tiwa, ló wá ní, "Ìyá, ìyẹn ti pọ̀ jù."

Mo mọ̀ pé ó pọ̀ jù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ọṣẹ ìfọṣọ tún ti gbówó lórí. Òòrùn mú, aṣọ gbẹ kíá. Ṣẹ́ẹ̀tì méjì Bàbá Aláago ṣì wà lórí hángà. Ìṣẹ́gun ló yẹ kó wá mú wọn. Mò ń wo ṣẹ́ẹ̀tì, ṣẹ́ẹ̀tì ń wò mí.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Tí mi ò bá kọ ọ́ báyìí, ó máa dàrú lórí mi.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ sí pápá fúnra mi. Mi ò lọ rí láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí, àyà mi kì í gbà á. Kóòṣì dá àbúrò mi padà sípò. Ó sá eré dáadáa, ó tiẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ lẹ́ẹ̀mẹta ni wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí i tó gba iwájú àyà rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: "Yọ ọ́! Yọ ọ́!" Obìnrin kan tó jókòó tì mí gbé ọmọ lọ́wọ́, ọmọ yẹn náà ń pa àtẹ́wọ́ sí i. Mẹ́wàá sí mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mi ò dúró kó parí.

Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo bá Bàbá Aláago, tí òun náà ti pápá dé, lódìkejì gọ́tà. Kò kọjá wá.

"Ìyá Alágbàfọ̀, mi ò wá jókòó."

"Ẹ máa bọ̀, bàbá. Aṣọ yín ti délẹ̀."

"Mi ò wá torí aṣọ." Ó na ìwé kékeré yẹn sí mi lórí gọ́tà. "Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, bọ́ọ̀lù mẹ́rìnlá ló ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ yín, pẹ̀lú ti òní. Mo máa ń kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Lánàá ni mo tó jókòó kà á pọ̀, mo wá fi mẹ́ta ti òní kún un. Ẹ wò ó."

Mo wò ó. Òsì. Òsì. Òsì. Mo ṣí ojú ewé kejì. Òsì ni títí dé ìsàlẹ̀. Ọ̀tún kan ṣoṣo, kò sí.

Ó ní, "Èmi náà rò pé ẹ̀rù ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún. Ẹ gbọ́, tí mo bá ki awò aago bọ ojú kan, tí mo wá na ọwọ́ sí ife omi, mo máa ń ṣì í mú. Ó lé lógójì ọdún tí mo ti ń da omi sórí tábìlì. Ìyá, ọmọ yín kì í ṣe ojo. Ọmọ yín ò ríran lósì."

Mo di ilẹ̀kùn mú. Ṣẹ́ẹ̀tì Lọ́yà ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, àti ọ̀rọ̀ tí mo sọ: ojú rẹ dà.

Nígbà tí àbúrò mi wọlé ní ìrọ̀lẹ́, mi ò bi í ní nǹkan kan. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ àwọn oníbàárà kalẹ̀, èyí tí mo ti ká ní méjì méjì. Mo ní kó dúró sí àárín ilé, kó máa wo kàlẹ́ńdà ara ògiri. Mo bọ́ sí ọ̀tún rẹ̀, mo ju ìbọ̀sẹ̀ kan. Ó hán an. Mo ju òmíràn. Ó hán an.

"Àǹtí mi, kí lẹ̀ ń ṣe gan-an?" Ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo bọ́ sí òsì, mo ju ìkẹta. Ó bà á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìkẹrin bà á ní etí. Ìkarùn-ún, ó na ọwọ́, ó di afẹ́fẹ́ mú. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Láti ìgbà wo?"

"Ìgúnpá ẹnì kan ló bà mí lójú níbi ìgbáradì. Ó ti lé lóṣù méjì. Àwọn nǹkan dúdú kéékèèké ló kọ́kọ́ ń fò kiri bí eṣinṣin. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ó dà bí ẹni ń fa kọ́tìnì wá láti igun."

"O ò sì sọ fún ẹnì kankan? Fún èmi pàápàá?"

"Tí mo bá sọ, wọ́n á yọ mí."

"Wọ́n ṣáà ti ń kígbe pé kí wọ́n yọ ọ́!"

Ó wò mí, èmi náà wò ó, a bú sẹ́rìn-ín, kò sì pẹ́ tí ẹ̀rín di ẹkún. Ọkùnrin ńlá tó ń ti géńdé mẹ́ta ṣubú, orí itan mi ló gbé ojú lé bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ilé ìwòsàn ojú. Dókítà náà jẹ́ obìnrin kúkúrú kan, kò ju èjìká àbúrò mi lọ. Ó kán oògùn sí i lójú, ó tan iná sí i títí. Lẹ́yìn náà ló gbé àga sún mọ́ wa.

Ó ní awọ kan wà lẹ́yìn ẹyin ojú, òun la fi ń ríran. Ó ti ya, ó sì ti ń ṣí kúrò bí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri tó rin. "Ẹ dúpẹ́ pé kò tíì ṣí dé àárín. Ká ní ẹ dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni, ohun mìíràn ni mi ò bá máa sọ."

Àbúrò mi ní, "Ìdíje mẹ́ta ló kù, dókítà. Ṣé a ò lè ṣe é lẹ́yìn náà?"

Dókítà wo èmi. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yín, àbí?"

"Èmi ni."

"Ẹ bá mi dá a lóhùn kí n má baà sọ̀rọ̀ burúkú lọ́jọ́ ìsinmi."

Ọ̀la ni iṣẹ́ abẹ. Ó ní òun ò lè ṣèlérí kankan.

Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Aago mẹ́jọ ni wọ́n gbé e wọlé. Mo jókòó sórí àga gígùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbàdúrà títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi, mo wá ń pe orúkọ rẹ̀ nìkan.

Mo gbójú sókè, Bàbá Aláago ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ti ti ìsọ̀ rẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí. Omi tí mo dà sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn..."

"Kí ni mo fẹ́ forí jì? Èmi tí mo pe ọmọ tó ń fi ojú kan jà fún wa ní ojo? Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ forí jì mí. Omi lásán lẹ dà. Tó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni, abọ́ gan-an ni mi ò bá sọ lu ẹni náà."

A jókòó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó tó aago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú, dókítà jáde, ó fa ìbòmú sílẹ̀. "Ó lọ dáadáa."

Bàbá Aláago ló sunkún, kì í ṣe èmi.

Afẹ́fẹ́ kan ni wọ́n fi sínú ojú náà, òun ni yóò máa ti awọ yẹn mọ́ àyè rẹ̀. Kó tó lè ṣiṣẹ́, àbúrò mi gbọ́dọ̀ dojú bolẹ̀ fún ọjọ́ méje. Tó bá ń jẹun, ilẹ̀ ni kó máa wò. Tó bá ń sùn, ilẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo ká tówẹ̀lì mẹ́fà sí etí ibùsùn, sábẹ́ iwájú orí rẹ̀, mo fi àyè sílẹ̀ fún imú. Iṣẹ́ mi ni aṣọ kíká, ẹnikẹ́ni ò lè ká a jù mí lọ. Ó ní òun ti mọ gbogbo ibi tó sán lára sìmẹ́ǹtì yàrá mi, òun sì ti fún wọn lórúkọ.

Kóòṣì wá. Ọkùnrin yẹn ga, ó sanra, ìbẹ̀rù ni fún gbogbo ẹgbẹ́. Nígbà tí kò rí ojú àbúrò mi, ó dùbúlẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ mi, ó yí orí wọ abẹ́ ibùsùn bí mẹkáníìkì.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹgbẹ́ máa já, sà."

"Ẹgbẹ́ lè já lọ́dún yìí, kó gòkè lọ́dún tó ń bọ̀. Ojú ń kọ́? Ibo ló ti ń gòkè padà?"

Ó gbà wá tó ìṣẹ́jú márùn-ún ká tó gbé e dìde.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Ọ̀mì, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn ará bẹ́ǹṣì gbé bẹ́ǹṣì, wọ́n sún un sábẹ́ fèrèsé yàrá kí aláìsàn lè gbọ́. Bàbá Aláago ka ìdíje náà sókè látinú ìwé rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀ lórí nọ́ńbà mẹ́wàá tuntun. Alápatà ní, "Ọmọ yìí ti ń gbá bọ́ọ̀lù jù! Gbogbo ohun tó bá ti kàn án lọ́wọ́, ó ti fò lọ sójú ọ̀run. Kí ló dé tí kò gbé e sá?"

Ohùn kan dún láti orí ibùsùn: "Ẹ jẹ́ kó gbá a! Ẹ̀yìn rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ wà ní abala kìíní. Tí ò bá gbá a nígbà yẹn, ìgbà wo ló fẹ́ gbá a?"

Alápatà ṣí fìlà. "Ó parí. Fèrèsé ti sọ̀rọ̀."

Ó pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín báyẹn. Àlùbọ́sà tí mò ń dín jóná: mo gbàgbé ìkòkò lórí iná.

Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ó gbé orí sókè. Ọrùn rẹ̀ le bí igi. Ó ní ojú òsì ń rí mi bí ẹni wà nísàlẹ̀ omi. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa rí, ká ní sùúrù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ní àárọ̀ yìí ó pè mí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Àǹtí mi, ìlà dúdú kan ti dé. Ó ń mì."

Mi ò tiẹ̀ wọ bàtà méjèèjì lọ́gba. Aṣọ wà nínú omi, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, a di ilé ìwòsàn. Mò ń ké pé kó yára débi pé olùwakọ̀ wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì.

Dókítà wò ó, ó ní, "Afẹ́fẹ́ tí mo fi síbẹ̀ ló ń lọ sílẹ̀. Etí rẹ̀ ló ń rí. Bí omi ṣe ń mì nínú ìgò tó dín ni. Ìròyìn ayọ̀ ni." Ó wo ẹsẹ̀ mi. "Ìyá, bàtà yín ò bára mu."

Mo padà dé, mo bá Alápatà nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ti ká apá aṣọ, ó ń fún omi kúrò lára aṣọ àwọn oníbàárà. Ó fún un bí ẹni ń fún ọrùn adìyẹ. Bọ́tìnì mẹ́rin ló já.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

A fìdí rẹmi, ààmì kan péré. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló kù. Ó yà mí lẹ́nu pé mo sùn dáadáa.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin

Wọ́n fi nǹkan bo ojú ọ̀tún rẹ̀, wọ́n ní kó ka lẹ́tà ara ògiri. Ó ka ti òkè. Ó ka èyí tó tẹ̀ lé e. Ó ń sọ̀kalẹ̀, ó ń sọ̀kalẹ̀, èmi tí mo la ojú méjèèjì ò rí ìlà tó ń kà mọ́. Ó ṣì ẹyọ méjì pe, ó sì dúró.

Dókítà kọ nǹkan sílẹ̀. "Ojú yìí dúró."

Ó ní kò gbọdọ̀ gbá rọ́gíbì lọ́dún yìí. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á tún yẹ̀ ẹ́ wò, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Mò ń ṣọ́ àbúrò mi. A dé ẹnu ọ̀nà àbájáde. Ó dúró, ó wo òpópónà sókè sódò, àwọn ọkọ̀, àwọn èèyàn, aṣọ tí wọ́n sá sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òdìkejì.

Ó ní, "Àǹtí mi, ebi ń pa mí." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ kó jẹun.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún

Ìdíje àṣekẹ́yìn, nílé. Òjò rọ̀ láàárọ̀, ó dá lọ́sàn-án, ilẹ̀ pápá wá rọ̀ bí ẹ̀kọ. Gbogbo wa la lọ. Àbúrò mi wọ awò dúdú, ó jókòó láàárín èmi àti Bàbá Aláago.

Ẹni tó pariwo jù sí nọ́ńbà mẹ́wàá tuntun ní gbogbo pápá, àbúrò mi ni. "Jù ú! Jù ú! Kí ló ń wò? Háà, ọmọ yìí fẹ́ pa mí!"

Mo gbá a ní ìgúnpá. "Ìwọ náà kọ́ nìyẹn? Ìwọ tí wọ́n bú lóṣù tó kọjá?"

Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ìta pápá ló dùn ún gbá bọ́ọ̀lù jù."

A fi ààmì kan ṣáájú wọn nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Bọ́ọ̀lù bọ́ sọ́wọ́ ọmọ tuntun yẹn nínú ẹrẹ̀, àwọn géńdé mẹ́ta ń bọ̀ lórí rẹ̀. Kò gbá a, kò jù ú. Ó dúró, ó gbá bọ́ọ̀lù náà mọ́ra, ó sì ṣubú lé e lórí. Èrò ń hó, "Gbá a! Kí ló dé tó ń dúró?" Wọ́n yọ bọ́ọ̀lù náà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n tún fún un, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń fi àkókò ṣòfò lójú gbogbo ayé, lẹ́ẹ̀mẹfà, títí rẹfirí fi fọn fèrè. Mọ́kànlélógún sí ogún. A ò já.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìjà ti bẹ́ lórí bẹ́ǹṣì. Alápatà ní ìwà ọ̀lẹ ni, nọ́ńbà mẹ́wàá gidi á gbá bọ́ọ̀lù sọ́nà jíjìn. Àbúrò mi ní òun ì bá ti gbé e sá. Bàbá Aláago ní òun ò tíì mọ ohun tí òun máa kọ.

Èmi tí mò ń rẹ aṣọ nínú ilé, mi ò mọ ìgbà tí mo la ẹnu. "Kí ni gbogbo yín ń sọ gan-an? Ẹni tó ti ní ohun tó ń wá lọ́wọ́, kí ló fẹ́ gbá a dànù fún? Ó dì í mú. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn lónìí, ó sì ṣe é."

Bàbá Aláago yí padà, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹ gbọ́ o. Ọdún kẹsàn-án nìyí, a ò mọ̀ pé inú ilé ni ẹni tó mọ eré yìí wà." Ó sún, Alápatà sún, àbúrò mi náà sún.

Aṣọ ń bẹ nínú omi. Mo nu ọwọ́ mi gbẹ, mo lọ jókòó.